Àṣẹ Tí A Fi Ìka Tẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ́jú Àwọn Ẹ̀rọ Tí Ó So Kọ̀ǹpútà Pọ̀

Nígbà tí a ránṣẹ́ pè wá láti wá sọ̀rọ̀ níwájú yín, a bi ara wa léèrè pé, èrè kí ni ọ̀rọ̀ okùn, àpótí irin àti kọ̀ǹpútà yóò ṣe fún irú àpéjọ yìí? Ṣùgbọ́n bí a ti ń rò ó sí wájú àti sí ẹ̀yìn, a rí i pé kò sí ẹnìkan nínú yín tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ẹni tí ó fi fóònù rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí ó lọ gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ẹni tí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lánàá, gbogbo wọn ni ó gba ọwọ́ àwọn ẹ̀rọ kan kọjá, ẹ̀rọ tí wọn kò rí, tí wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Nípa àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, àti nípa àwọn ènìyàn tí ń fi àṣẹ darí wọn, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ẹ̀rọ náà jẹ́. Méjì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn. Èkíní ni súwíìṣì, tí ó so àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé kan pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti so àwọn yàrá inú agbo ilé pọ̀. Èkejì ni ráútà, tí ó dúró ní oríta, níbi tí ọ̀nà ti pàdé ọ̀nà, tí ó sì ń wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti mọ ọ̀nà tí yóò gbé e gbà. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn àwọn oníbodè láyé àtijọ́, àwọn tí ó máa ń jókòó sí ẹnu odi ìlú, tí wọn a máa bi èrò pé, níbo ni ẹ ti ń bọ̀, níbo ni ẹ sì ń lọ? Iṣẹ́ oníbodè ni ráútà ń ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ni ó ń bi léèrè kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 1984, Leonard Bosack àti Sandy Lerner, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, dá ilé iṣẹ́ Cisco sílẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì sọ títà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di òwò ńlá. Títí di òní, ọ̀nà tí a fi ń bá ẹ̀rọ Cisco sọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí ń kọ́kọ́ kọ́.

Báwo wá ni a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀? Ọ̀nà àtijọ́ kan wà, tí ó ṣì lágbára jùlọ, èyí tí a ó máa pè ní ìlà àṣẹ. Ojú dúdú kan ni lórí kọ̀ǹpútà, tí kò ní àwòrán, tí kò sì ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ẹ̀rọ náà yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, yóò fi àmì kékeré kan sí i, yóò sì dákẹ́, yóò máa dúró de ọ̀rọ̀ tí a óò tẹ̀. Lórí ẹ̀rọ Cisco, bí àmì náà bá jẹ́ >, àlejò ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a jẹ́: a lè wo díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí a bá tẹ enable, tí a sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí hàn, àmì náà yóò di #, a ti wọ inú yàrá nìyẹn. Nígbà tí a bá tẹ configure terminal, a ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ onílé. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí a bá wí ni ẹ̀rọ yóò ṣe. Bí a bá dárúkọ ẹnu ọ̀nà kan, tí a sì tẹ shutdown, ẹnu ọ̀nà náà yóò tì pa. Bí a bá tẹ no shutdown, yóò ṣí. Bí a bá sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tí ó kàn, a ó tẹ àmì ìbéèrè, ẹ̀rọ yóò sì to gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó lè tẹ̀lé e sílẹ̀ níwájú wa.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni ìdí tí a kò fi lo àwòrán àti bọ́tìnì, bí a ti ń lò ó lórí fóònù? Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ìlà àṣẹ kò fẹ́ ọ̀nà gbòòrò. Ní ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwòrán kan kò fi lè ṣí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ yóò kọjá. Ohun tí a bá tẹ̀, a lè kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹlòmíràn kà á, kí ó sì tún un ṣe bí a ti ṣe é gẹ́lẹ́. A lè fi àṣẹ kan náà ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ. Bí gbogbo ọ̀nà bá sì dí, a lè gbé kọ̀ǹpútà lọ síwájú ẹ̀rọ náà, kí a fi okùn kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀, kí a sì bá a sọ̀rọ̀ ní ojúkojú.

Ṣùgbọ́n agbára yìí ní ewu tirẹ̀, ewu náà sì ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Àwọn baba wa wí pé, bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tí ó gbọ́n a máa gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ní lọ́kàn, bí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá náà bá tilẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀rọ kò mọ èyí. Bí a bá rán an níṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú gan-an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Kì í bi wá pé, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ wí nìyí? Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́, ọ̀rọ̀ tí a sì tẹ̀ sí ojú ìlà àṣẹ ti balẹ̀ ní ìgbà tí ìka bá ti kúrò lórí bọ́tìnì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa, nítorí ẹni tí ó ti ṣubú rí ni ó mọ ibi tí ilẹ̀ gbé ń yọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ fi ìtọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Ìbàdàn ni àwa wà. Ilé ìwòsàn náà sì wà ní ìlú mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀. Okùn kan ni ó so ilé tí a ti ń gba àwọn aláìsàn pọ̀ mọ́ yàrá tí àkọsílẹ̀ wọn wà. Ẹgbẹ́ ẹ̀rọ márùn-ún ni ó ń gba orí okùn náà kọjá, a sì fi nọ́ńbà ya ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀: ti àwọn dókítà, ti ilé oògùn, ti àwọn akọ̀wé owó, ti ilé àyẹ̀wò, àti èyí tí àwa fi ń wọlé láti òkèèrè. Wọ́n ní kí a fi ẹgbẹ́ kẹfà kún un. Àṣẹ tí ó tọ́ ni switchport trunk allowed vlan add 60. Ọ̀rọ̀ kékeré nì, add, ni ó ń wí fún ẹ̀rọ pé, fi èyí kún àwọn tí ó ti wà níbẹ̀. Àwa kánjú. A tẹ gbogbo rẹ̀ tán, a sì fo add. Ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ ni pé, ẹgbẹ́ 60 nìkan ni kí o jẹ́ kí ó kọjá. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Lójú kan náà ni àmì ẹ̀rọ náà dákẹ́ níwájú wa. A tẹ̀ ẹ́ títí, kò dá wa lóhùn. A ti fi ọwọ́ ara wa gé ẹ̀ka igi tí a jókòó lé. Kò pẹ́ tí fóònù dún. Métírọ́nì ni. Wọ́n ní àwọn èrò ti tò láti òwúrọ̀, pé ìyá kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná dání, dókítà sì ti kọ oògùn fún un, ṣùgbọ́n ilé oògùn kò rí ohun tí dókítà kọ. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni ó wà láàárín àwa àti àtúnṣe.

Bàbá ọlọ́dẹ kan, tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ní kí wọ́n fún un ní fóònù.

A wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ wo àpótí dúdú kejì láti ìsàlẹ̀. Ẹ yọ okùn iná rẹ̀, ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá, kí ẹ sì tún un kì bọ̀ ọ́.”

Bàbá náà dáhùn pé, “Ṣé èyí tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú yìí ni, ọmọ mi?”

“Òun ni, Bàbá.”

“Ó dára. Mo ti yọ ọ́. Ení, èjì, ẹ̀ta…”

Wọ́n kà á dé ẹ̀wá láìfo ọ̀kan, èyí tí àwa kò lè ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo nǹkan padà sí ipò rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìrántí méjì ni irú ẹ̀rọ yìí ní. Ohun tí a bá pa láṣẹ yóò wọ inú ìrántí èkíní lọ́gán, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìrántí náà a máa parẹ́ bí iná bá kú. Inú ìrántí kejì ni ẹ̀rọ ti ń ka ìwé rẹ̀ nígbà tí ó bá jí, kò sì sí ohun tí ń wọ ibẹ̀ àfi bí a bá tẹ copy running-config startup-config. Àwa kò tíì tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà àṣìṣe wa kú pẹ̀lú iná, ẹ̀rọ sì jí pẹ̀lú ìwé àtijọ́.

Ìbá dára bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀. Nígbà tí Métírọ́nì bi wá léèrè ohun tí ó fa wàhálà náà, ojú tì wá, a sì wí pé iná mànàmáná ni. Ní ọjọ́ kejì, a gbọ́ pé wọ́n ti pe ọkùnrin tí ń tọ́jú ẹ̀rọ amúnáwá, pé wọ́n fẹ́ gé nínú owó oṣù rẹ̀ nítorí àìbìkítà. Oorun kò kùn wá ní òru ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, a wọ ọkọ̀, a lọ bá Métírọ́nì, a sì jẹ́wọ́ níwájú ọkùnrin náà pé àwa ni, àti pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fò. Wọ́n wò wá fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ wí i. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ó ṣe tí kò fi ní tún ṣẹlẹ̀?” Ìbéèrè yẹn ni ó kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí ju ìwé èyíkéyìí tí a ti kà lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ọmọ iṣẹ́ kékeré nìkan ni irú èyí ń bá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ní ilé iṣẹ́ MainOne ti Èkó, tí ó ní okùn abẹ́ òkun tí ó wá láti Pọ́túgà, àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe àtúnṣe tí wọ́n ti pète tẹ́lẹ̀. Asẹ́ kan wà tí ó yẹ kí ó máa yọ àwọn ọ̀nà tí kò yẹ kí ráútà kéde fún aládùúgbò. Wọn kò tò ó bí ó ti yẹ. Nítorí náà ráútà wọn kéde fún ayé pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ọ̀nà dé Google gbà, àwọn aládùúgbò gbà á gbọ́, ọ̀rọ̀ tí ń lọ sí Google láti ilẹ̀ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí gba Rọ́ṣíà àti Ṣáínà kọjá. Ìṣẹ́jú 74 ni ó gbà kí a tó tún un ṣe. Ohun tí ó wú wa lórí ni pé ilé iṣẹ́ náà jáde fúnra rẹ̀, ó sì wí ní gbangba pé àṣìṣe àwọn ni.

Ti Facebook sì tún ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, a pa àṣẹ kan níbẹ̀ láti wo bí àyè ti kù tó lórí àwọn ọ̀nà ńlá tí ó so àwọn ilé ẹ̀rọ wọn pọ̀. Àṣẹ náà gé gbogbo ọ̀nà ọ̀hún. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí ó yẹ kí ó yẹ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wò, kí ó sì dá a dúró, ṣùgbọ́n àbùkù wà nínú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó kọjá. Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ jákèjádò ayé fún bí wákàtí mẹ́fà. Àwọn onímọ̀ wọn kò rí ọ̀nà wọlé láti òkèèrè, nítorí ọ̀nà tí wọn ì bá gbà wọlé ti bá èyí tí ó bàjẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi lọ síwájú àwọn ẹ̀rọ náà. Bàbá ọlọ́dẹ tiwa yá jù wọ́n lọ!

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ àwọn ìlànà tí a fi dá Métírọ́nì lóhùn, tí a sì ń tẹ̀lé láti ọjọ́ náà.

Èkíní, ẹ wò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àwọn àṣẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú show kì í yí ohunkóhun padà. Ẹ fi show interfaces trunk wo àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà lórí okùn; ẹ fi show running-config ka ìwé ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì da ìwé náà kọ sí ibòmíràn.

Èkejì, ẹ kọ àwọn àṣẹ yín sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ tó tẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú mìíràn kà á. Ìbá ṣe pé ẹnìkan ka tiwa, ì bá ti rí i pé add kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ dá ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀. Bí a bá tẹ reload in 10, ẹ̀rọ Cisco yóò kú, yóò sì jí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ̀lú ìwé àtijọ́. Bí iṣẹ́ bá yọrí sí rere, a ó tẹ reload cancel. Lórí ẹ̀rọ Juniper, commit confirmed ń ṣe ohun tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí a kò bá fi ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ yóò dá ìwé àtijọ́ padà láìkú rárá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ní ọ̀nà kejì tí kò gba inú ẹ̀rọ tí ẹ ń tún ṣe kọjá.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dán iṣẹ́ wò kí ẹ tó fi í pamọ́ sínú ìrántí kejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dára, ẹ má ṣe gbàgbé láti fi í pamọ́, kí iná má baà kú kí iṣẹ́ rere yín sì bá a lọ.

Ẹ̀kẹfà, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ wí i lọ́gán. Irọ́ a máa fa àtúnṣe sẹ́yìn, a sì máa di ẹrù lé aláìṣẹ̀ lórí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin onílé. Ọ̀nà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ṣe pàtàkì bí àṣẹ fúnra rẹ̀. Láyé ìṣáájú, Telnet ni a ń lò, tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ àṣírí lọ ní gbangba, bí ẹni tí ń kígbe àṣírí láàárín ọjà. Ní ọdún 1995, nígbà tí àwọn olè ti ń jí ọ̀rọ̀ àṣírí gbọ́ ní yunifásítì rẹ̀, Tatu Ylönen, ará Fínlándì, ṣe SSH, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ sínú àdìtú kí ó tó rán an. SSH ni kí a máa lò. Ní ọdún 2016, ètò búburú kan tí a ń pè ní Mirai wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kámẹ́rà àti ráútà ilé káàkiri ayé. Telnet ni ó gbà wọlé, àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí tí a ti fi sí wọn lára láti ilé iṣẹ́ ni ó sì ń dán wò. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, a fi irú àwọn ẹ̀rọ tí a jí gbé bẹ́ẹ̀ kọlu ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rí Twitter àti Netflix lò. Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọn kò kàn pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí ó bá ilẹ̀kùn wá láti ọjà ni. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ bi ọmọ yín léèrè bóyá a ti pààrọ̀ ti ilé yín.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, bá ń jókòó níwájú ojú dúdú kan tí ó ń tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe yára wí pé eré ni. Packet Tracer ti Cisco àti GNS3 wà lọ́fẹ̀ẹ́, lórí èyí tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ àfarawé kọ́ iṣẹ́ náà láìra ẹ̀rọ kankan, kí wọ́n sì ṣe àṣìṣe níbi tí aláìsàn kankan kò ti ní jìyà rẹ̀. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó ra wọ́n lọ́wọ́ nílé, kí ó má baà jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni yóò ti ra wọ́n lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe àwa.

Ọkùnrin tí ń tọ́jú ẹ̀rọ amúnáwá nì gba owó oṣù rẹ̀ ní pípé. Ní gbogbo ìgbà tí a bá sì ti fẹ́ tẹ àṣẹ láti ìgbà náà, a máa ń dúró, a máa ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ení, èjì, ẹ̀ta, kí ìka wa tó balẹ̀.